Ìlà Tí Bàbá Ní Kí N Fi Sílẹ̀ fún Ọ

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Akínṣẹ́tẹ̀,
                                        Èbúté Mẹ́ta, Èkó.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún,
                                        oṣù kọkànlá, 2024.

Ayọ̀kànmí, kípà wa àtijọ́, ọmọ bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé déédéé? Ṣé ara yín le? Mo gbọ́ pé òjò rọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún yìí kọjá bó ṣe yẹ, mo sì gbà á ládùúrà pé kò ba nǹkan yín jẹ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú àìrí ara ẹni. Àwa náà wà níbí, à ń mí, à ń jẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ pé àlàáfíà ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi rí ìwé lọ́wọ́ Jude.

Jude tó fún ọ ní lẹ́tà yìí, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó ló ti ń tún fóònù ṣe. Ó fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ìlọrin ni mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, fún un lómi mu, má bínú sí i, kò mọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé o ti dí nọ́ńbà mi pa, o sì dí ti Àǹtí Kẹ́mi ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn. Mi ò bá ọ jà. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti dí i tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún: kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó fà á ya.

O mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ìwé ètò ìsìnkú ni mò ń tẹ̀, èmi náà ni mo sì máa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé fún àwọn ẹbí tí kò mọ ohun tí wọ́n á kọ. Wọ́n pọ̀ jọjọ. Wọ́n á mú fọ́tò kan wá àti ọjọ́ ìbí tí kò dá wọn lójú, wọ́n á ní, “Ẹ ṣáà bá wa kọ ọ́ kó dùn.” Èmi á sì kọ ọ́ kó dùn. Ó ti wà nílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá, orúkọ àti ọjọ́ nìkan ni mo máa ń pààrọ̀. Gbogbo òkú tó gba ọwọ́ mi kọjá ló bẹ̀rù Ọlọ́run, ló lawọ́, ló sì fẹ́ràn àlàáfíà. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó di ẹni tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ àlejò. A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, àbí? Iṣẹ́ ṣáà ni. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, Bàbá ní kí n jókòó. O mọ̀ pé tí Bàbá bá ti ní kéèyàn jókòó, èèyàn ti ṣẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Láyí, kọ tèmi.” Mo ní kí ni tiyín, sà? Ó ní ìtàn tí wọ́n máa kà lórí òun ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òun fẹ́ gbọ́ ọ báyìí, torí òkú kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Bàbá ò ṣàìsàn o. Ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní wọ́n máa pẹ́ fún wa láṣẹ Olúwa. Ó ní, “Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn.”

Ọ̀lẹ ni mí, ìwọ náà mọ̀. Mo ṣí èyí tó wà fún bàbá, mo fi orúkọ Bàbá sí i, mo fi iṣẹ́ rélùwéè sí i, mo fi oyè Bàbá Ìjọ sí i, mo fi gbọ̀ngàn tó kọ́ fún ìjọ ní Mushin sí i. Mi ò ka ìyókù. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Bàbá pe Pásítọ̀, ó pe Àǹtí Kẹ́mi, ó pe àgbà ìjọ méjì sí pálọ̀, ó ní kí n kà á sókè. Mò ń kà, wọ́n ń mi orí, Àǹtí Kẹ́mi ti ń nu ojú bí ẹni pé òkú ti wà nílẹ̀. Mo wá dé ibì kan, ẹnu mi ti sọ ọ́ jáde kí ojú mi tó rí i: “Nígbà tí àbúrò rẹ̀ papò dà, ó gba opó àti ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì tọ́jú wọn bí ẹni inú ara rẹ̀.”

Ìlà yẹn ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò yọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá àgbàlagbà wo ni kò ní àbúrò tó ti kú?

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Pásítọ̀ wa, tí kò tíì pé ọdún méjì tó dé, tí kò mọ ohunkóhun, ní, “Ogún rere nìyẹn, Bàbá. Ẹ ṣé é fún wa.” Bàbá wò ó títí ojú fi ti ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá kọjú sí mi, ó bi mí ta ló kọ ìyẹn. Mo ní èmi ni, sà.

“O wà níbẹ̀,” ó ní. “O wà níbẹ̀, o sì kọ ọ́.”

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ẹran tí Àǹtí Kẹ́mi sè fún àlejò, kò rẹ́ni jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé mi ò ní láti rán ọ létí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí nínú ẹbí wa. Lọ́dún 1993, bàbá rẹ, Bọ̀dá Ọládèjì, kú. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Mushin, ilé tí bàbá rẹ àti bàbá mi jọ kọ́, ẹ̀yin nísàlẹ̀, àwa lókè. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí wòlíì àlejò kan fi dìde níbi ìsọjí, tó ní ọwọ́ tó ń se oúnjẹ fún olóògbé ló pa á. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àbí kí ló tún fẹ́ dárúkọ? Bàbá mi nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó dìde níwájú ìjọ, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹbí àwọn kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ Salome ìyá rẹ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, nínú òjò, ẹrù yín ti wà ní ìta. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́, èmi jẹ́ méjìlá. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá fi ilé náà ta ìjọ lọ́rẹ, wọ́n wó o, wọ́n fi gbọ̀ngàn sí i, wọ́n kọ orúkọ Bàbá sára òkúta lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo rí i pé kò gùn tó bí mo ṣe rò.

Nígbà tí ìyá rẹ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan mú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ wá fún mi. Mo rí ohun tí o kọ síbẹ̀: “Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Olúwa gbà á sílé.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo ń fi irú ọ̀rọ̀ báyẹn jẹun, ọwọ́ mi kò lè tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ Àìkú yẹn ni Bàbá ti ń ní kí n ka ìtàn òun fún òun láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà. Tí mo bá ti dé ìlà yẹn, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. A ó jókòó bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ògì rẹ̀ á tutù lórí tábìlì kó tó sọ pé, “Máa lọ.” Àǹtí Kẹ́mi ní kí n yọ ìlà náà kúrò jàre, ṣé mo fẹ́ pa bàbá àwọn ni. Mo yọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ Bàbá gòkè níbi tó yẹ kó gòkè sí, kò sì gbọ́ ìlà náà. Ó ní, “Dá a padà. Irọ́ tí ẹ máa pa lórí mi, mo fẹ́ máa gbọ́ ọ títí etí mi á fi kún.”

Nígbà tí Pásítọ̀ gbọ́, ó wá tu Bàbá nínú. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ gbogbo rẹ̀ nù, Ọlọ́run ti dárí jì wọ́n, kí wọ́n má ro ti àná mọ́. Bàbá fetí sílẹ̀ dé òpin, kódà ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, Ọlọ́run kọ́ ni mo lé jáde nínú òjò.” Ọmọkùnrin náà mú Bíbélì rẹ̀, ó dágbére.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá ní kí n gbé òun lọ sí Mushin. Mo rò pé gbọ̀ngàn ló fẹ́ lọ wò. Kò tilẹ̀ wo òkúta tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀, ó ń bi mí pé ṣé ibí ni kíṣìnnì Salome wà àbí ọ̀hún. Mo fi hàn án. Ó ṣí fìlà, ó dúró síbẹ̀ nínú oòrùn.

Ibẹ̀ la wà tí Alhája Munirah fi rí wa láti ojúde wọn. O rántí wọn, àwọn tí a máa ń lọ jẹ sààrà nílé wọn nígbà Àwẹ̀. Wọ́n ti darúgbó, ọmọ wọn obìnrin ló dì wọ́n mú sọdá. Wọn ò kí Bàbá kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, “Bàbá Kẹ́mi, ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé.”

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sọ ọ́ fún wa lójú ibẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá jí fún ìrun àsùbáà, àwọn á bá ìyá rẹ lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, ẹnu rẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn rò pé èpè ló ń ṣẹ́ fún bàbá mi, àwọn sì sún mọ́ ọn láti bẹ̀ ẹ́ pé kó fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kì í ṣe èpè. Ohun tó ń sọ, tó sì ń sọ lójoojúmọ́ títí ẹ fi lọ, ni pé, “Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kú kí ojú rẹ̀ tó là.”

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. A wọ mọ́tò, a sì dé Ojúẹlẹ́gba. Ibẹ̀ ló ti bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn wí. Ó ní ọdọọdún lòun ń jáde ṣe ìdúpẹ́ ẹ̀mí gígùn níwájú ìjọ, tí òun ń jó, tí wọ́n ń kí òun kú oríire, pé òun sin àwọn ẹgbẹ́ òun tán, òun ṣì wà. Òun kò mọ̀ pé àdúrà Salome ló dá òun dúró. Ó wá rẹ́rìn-ín, Ayọ̀. Irú ẹ̀rín yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Ojú mi ti là báyìí.”

Mo wa mọ́tò délé, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ìwé náà láti kà á. O mọ̀ pé a máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ ikú, “ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́” báyìí báyìí. Wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan síbẹ̀. Ìkọ̀wé Bàbá ni, gbọọrọ bí ó ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà iṣẹ́ rélùwéè: Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ni o! Mo pariwo. Mo ní kí lẹ kọ yìí, sà? Ó ní kí n má pariwo, ìwé náà kò tíì pé, ọjọ́ tó kù lòun bá mi fi sí i.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára ju tèmi tí mo gbé e wá lọ. Ṣùgbọ́n ògì àárọ̀ nìkan ló ń mu báyìí. Ó ti fi bàtà rẹ̀ méjèèjì ta olùṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Ó kọ̀wé sí ìjọ pé kí wọ́n yọ òkúta orúkọ òun kúrò lára gbọ̀ngàn, ìgbìmọ̀ sì fèsì pé àwọn á jókòó lé e lórí lẹ́yìn Kérésìmesì. Bàbá ka èsì náà, ó ní, “Wọn ò yára.” Àǹtí Kẹ́mi ń gbààwẹ̀, ó ń pàṣẹ fún ẹ̀mí ikú láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní Bàbá ti fi àádọ́ta ọdún kó orúkọ rere jọ, ṣé èmi ni mo máa wá sọ fún gbogbo ìjọ pé Bàbá Ìjọ lé opó jáde? Èmi náà ń bẹ̀rù, Ayọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ènìyàn lè mọ ọjọ́ ara rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé Bàbá kì í kọ ọjọ́ tí kò dá a lójú.

Ìdí lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Bàbá ní kí n pa ìlà yẹn rẹ́, kí n má fi ohunkóhun dípò rẹ̀, kí n fi àyè sílẹ̀. Ó ní Ayọ̀kànmí ni kó kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ohun tó bá wù ọ́ ni. Tí o bá kọ pé ìkà ni òun, kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀ lórí pósí òun níwájú àwọn tó gbọ́ tòun ní 1993, tí wọ́n ṣe àmín sí i. Tí o kò bá sì wá, kí n tẹ àyè náà lófìfo, kí gbogbo ìjọ mú un lọ́wọ́. Òun fẹ́ kí o kọ ọ́ lójú òun. Mo fi ojú ìwé náà sínú lẹ́tà yìí kí o lè rí i pé mi ò purọ́.

Mi ò ní kí o dárí jì í. Mi ò lẹ́nu rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, òun náà sì ti ń rù ú. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kó gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ, rere tàbí búburú, kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé.

Ó ku ohun kan tí mo ti ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ yẹn, nínú òjò, o dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì ilé ìwé rẹ lórí, o gbójú sókè sí fèrèsé wa. Èmi ni mo wà níbẹ̀. O ju ọwọ́ sí mi. Mo fa kọ́tìnì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ fún ara mi pé o kò rí mi.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá kò jẹ́ kí n kàwé. Ó bi mí pé, “Láyí, níbo lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ?” Mo ní ojú fèrèsé ni mo wà, sà.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo dúró lẹ́yìn rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i nígbà tí o fa kọ́tìnì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní, ọmọ tèmi rèé, èmi gan-an ló jọ.”

Ni mo bá wá kọ èyí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ fún mi. Àǹtí Kẹ́mi kò mọ̀ pé mo kọ̀wé, mi ò sì lè parọ́ pé ó kí ọ. Bàbá kí ọ. Ó pe orúkọ rẹ ní pípé, ó sì pe ti ìyá rẹ mọ́ ọn. Ọjọ́bọ̀ ni Jude ń padà bọ̀ l'Ékòó, mo sì ti ní kó gba àyè ẹnì kan sí i sínú ọkọ̀.

Mo ti yọ kọ́tìnì ojú fèrèsé iwájú. Ibẹ̀ ni wàá ti rí mi tí o bá dé.

                                        Ọmọ bàbá rẹ tó ń wọ̀nà,
                                        Láyí.